Òòyì àti èébì lẹ́yìn irin gbígbé

Ẹ kú ìnira o. Èémí tí ẹ ń sé mọ́nú ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ní bí ẹ bá ti gbé irin léjìká, tí ẹ lóṣòó tí ẹ dìde, òòyì á kọ́ yín, èébì á sì máa gbé yín, àti pé ẹ kì í jẹun kí ẹ tó lọ ní ìdájí.

Tí èèyàn bá sé èémí sábẹ́ ẹrù tó wúwo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ròkè. Bó bá tú u sílẹ̀, á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ á dínkù díẹ̀. Òòyì dé nìyẹn.

Torí náà, ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń dìde. Èmi a máa ka "ení, èjì" sókè tí mo bá ń dìde, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò lè sé èémí.

Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bíi wákàtí 1 ṣáájú, kí ẹ mu omi. Tí ẹ bá gbé irin sílẹ̀, ẹ má dúró sójú kan, ẹ máa rìn. Bí òòyì bá ti dé ńkọ́? Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè.

Èyí wà fún òòyì tó ń tètè lọ tí ẹ bá ti sinmi. Bí àyà bá ń dùn yín, tí ẹ dákú, tí orí ṣàdédé fọ́ yín burúkú, tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú bíi tíì, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìfúnpá, kó rí dókítà kó tó tún fọwọ́ kan irin.