Ìyá Ìbejì, ẹ má yáwó kọ́ ilé tí ẹ fẹ́ fi ṣe oúnjẹ alẹ́

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ ní ọdún méjìlá lẹ fi dá àjọ nídìí aṣọ títà ní Gbági n'Ìbàdàn kí ẹ tó ra pulọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà. Ẹ fẹ́ kọ́ rúùmù-àti-pálọ̀ mẹ́rin síbẹ̀, kí ẹ lè máa rí owó ilé gbà lọ́jọ́ alẹ́. Ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ yá mílíọ̀nù mẹ́rin náírà kí iṣẹ́ lè parí lọ́dún yìí. Bàbá Ìbejì, tó ní ìyàwó méjì, ní orúkọ òun ni kó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ ní ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́.

Owó yíyá yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní èlé náírà 5 lórí 100 ni àwọn olówó èlé á máa gbà lóṣooṣù. ₦200,000 nìyẹn lóṣù, ₦2,400,000 lọ́dún, láìtíì kan ojú owó. Ẹ sì ní ₦300,000 ni wọ́n ń gba rúùmù-àti-pálọ̀ kan lọ́dún ládùúgbò yẹn. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún, ₦1,200,000 péré ni. Níbo ni ìyókù á ti wá? Ìdí aṣọ yín ni, ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ọjà á sì wọlẹ̀. Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó mọ̀ pé kì í so lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á máa jẹ. Ìsọ̀ aṣọ yín ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ má bẹ́ ẹ lulẹ̀.

Ẹ kọ́ méjì ná, kí kànga àti ṣọ́kàwéè sì tóbi tó fún mẹ́rin. Owó ilé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, búlọ́ọ̀kù rúùmù-àti-pálọ̀ méjì tó kù ni kẹ́ ẹ fi máa rà. Mọ́níyà ò ní sá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 2021, ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ wà. Tí ilé bá ti pé tán, ẹ máa yọ owó oṣù méjì sọ́tọ̀ nínú owó ilé ọdọọdún. Páànù á jò, ayálégbé á kó jáde, yàrá á ṣófo. Àìyọ owó yẹn ló sọ ilé ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ní ti orúkọ, n kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín. Ṣùgbọ́n ìdána nìkan lẹ ní ẹ ṣe, ìyàwó kì í sì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Bí Bàbá Ìbejì bá papòdà láìkọ ìwé ìhágún, ohun tó wà lórúkọ rẹ̀ á di ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí-igi ni wọ́n sábà máa fi ń pín in, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan á gba ìpín kan, ìdí méjì ló sì wà nílé yín. Ìdajì àjọ ọdún méjìlá á lọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín ni kó wà níbẹ̀. Bó bá fi owó kún un, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, ẹ wo ìwé tí ọmọ onílẹ̀ fún yín. Ṣé mọ́gàjí, tó jẹ́ olórí ẹbí, fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí? Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá dá tà á, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà mú sọ́fè lọ sí Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwé C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn.

Ẹ ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn olówó èlé ń retí èsì yín. Ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ dúpẹ́, ẹ ò yá a mọ́.