Ṣé kí rìwáyà ta irinṣẹ́ rẹ̀ kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Rìwáyà ọkọ̀, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni mí ní Òṣogbo, mo sì ti gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Iná ọkọ̀ àtijọ́ kì í dààmú mi, àmọ́ àwọn tokunbo tó ń wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà ló kún inú wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ní kí n ta irinṣẹ́ mi, kí n fi ra láptọ́ọ̀pù, kí n wá kọ́ coding, ìyẹn kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ òun. Owó tí mo tù jọ kò lè ra láptọ́ọ̀pù àti ẹ̀rọ scan ńlá tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pọ̀. Èwo ni kí n mú? Ọkọ̀ oníbátìrì tí wọ́n ń sọ yìí ńkọ́, ṣé kò ní gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ta irinṣẹ́ rẹ. Má sì tíì ra ẹ̀rọ scan ńlá. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rà ni mítà gidi, multimeter tó ń wọn fóòtì àti ohm (bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó) tí kì í purọ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí fún ọ.

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o wá bá ní Èkó ti wà níwájú rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú OBD-II, ihò onípínì 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀, tí à ń ki ẹ̀rọ scan bọ̀. Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù. Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla tí à ń tún ṣe ti ń wá. Brain box inú wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí ọkọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan: ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀, ABS tó wà fún bíréèkì ní tirẹ̀, airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) náà ní tirẹ̀. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, CAN ni orúkọ ètò náà, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló sì gbé e jáde ní 1986. Láti ọkọ̀ ọdún 2008, òun ni òfin Amẹ́ríkà ní kí ojú OBD-II máa lò.

Mítà rẹ lè yẹ wáyà méjì yẹn wò láìsí ẹ̀rọ scan kankan. Yọ orí bátìrì. Gbé mítà sí ohm, fi ẹnu kan sí pínì 6, èkejì sí pínì 14. Tó bá fún ọ ní nǹkan bí 60, ọ̀nà náà dára, nítorí rẹ̀sísítọ̀ 120 ohm kan ló wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, méjèèjì papọ̀ sì ń jẹ́ 60. Tó bá fún ọ ní 120, ọ̀kan ti sọnù: bóyá wáyà ti já, bóyá ẹnìkan ti tú brain box kan sílẹ̀ tó gbàgbé láti dá a padà. Tó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti fara kan ara wọn níbi kan. (Àwọn ọkọ̀ kan ní gateway, brain box kan tó dà bí aṣọ́nà, láàárín ojú OBD àti ọ̀nà CAN gan-an, ìdáhùn tiwọn lè yàtọ̀, torí náà kọ́kọ́ wo àwòrán wáyà ọkọ̀ náà.) Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti dárúkọ brain box tuntun fún olówó rẹ̀, tó jẹ́ pé wáyà earth (èyí tó so négátíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnì àti ara ọkọ̀) tó ti dípẹtà ni ìṣòro rẹ̀. Dá orí bátìrì padà, gbé mítà sí fóòtì, fi ẹnu mítà kan sí orí négátíìfù bátìrì, èkejì sí ara ẹ́ńjìnì, kí ẹnìkan sì máa ta sítátà. Tí mítà bá ń lọ sí ìdajì fóòtì, má tíì dárúkọ brain box fún ẹnikẹ́ni. Wáyà earth yẹn ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú.

Ní ti ẹ̀rọ scan, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn èèyàn rò pé kíka kóòdù, àmì àṣìṣe tí brain box fi pamọ́, ni iṣẹ́ náà. Lẹ́tà kan ló ń ṣáájú kóòdù kọ̀ọ̀kan: P ni ti ẹ́ńjìnì àti gíà, B ti ara ọkọ̀, C ti bíréèkì àti ìdarí, U ti ìbánisọ̀rọ̀ àwọn brain box. Ìyẹn kò ju kíkọ́ ọjọ́ kan lọ. Iṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Corolla kan dé ọ̀dọ̀ wa, iná check engine rẹ̀ tàn, kóòdù P0171. Ohun tí ìyẹn ń wí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì pọ̀ ju epo lọ. Níbi tó ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n pààrọ̀ oxygen sensor, èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀. Iná padà tàn, wọ́n tún ní kí olówó rẹ̀ lọ ra òmíràn ní Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Sensor yẹn kò ṣe nǹkan kan, òun ló ń fẹjọ́ sùn. A ṣí live data, àwọn nọ́ńbà tí brain box ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, a wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò. Nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, ó ń fi epo tó lé ní ìdá 20 nínú 100 kún un. A tẹ throttle (ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì) títí RPM, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, fi dé 2,500, àfikún náà já wálẹ̀ sí bí ìdá 5. Afẹ́fẹ́ ń jí wọlé níbi kan nìyẹn. Ihò kékeré máa ń hàn nígbà tí ẹ́ńjìnì kò fa afẹ́fẹ́ púpọ̀. Tó bá ń fa púpọ̀, ìwọ̀nba tó ń jí wọlé kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ká ní àfikún náà ń ga sí i bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, fúẹ́lì pọ́ǹpù ni à bá dojú kọ. A wá tú họ́ọ̀sì rọ́bà tó so fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ throttle. Abẹ́ ibi tó ti ká ló ti sán, ojú kò rí i àfi ìgbà tí a fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ kékeré ELM327 tí ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀ tó láti fi rí gbogbo ìyẹn. Òun ni kí o rà lẹ́yìn mítà. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀, torí náà gbé ọkọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra wá kí o fi dán an wò kí o tó sanwó. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ka ABS àti airbag lè dúró di ìgbà tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá lè rà á.

Mi ò bú coding o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, màá sì fẹ́ kí o kọ́ ọ, àmọ́ kọ́ ọ lórí ohun tí o ti mọ̀. Tí o bá ra láptọ́ọ̀pù àlòkù nígbà tó bá yá, fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i: láti 2008 ni SocketCAN, apá tó ń ka CAN, ti wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, o lè jókòó kí o máa wo ọ̀rọ̀ tí àwọn brain box ń bá ara wọn sọ. Python, èdè kan tí à ń fi kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek, olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà méjì ní Amẹ́ríkà, jókòó sílé Miller, wọ́n gba íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú Jeep kan tó wà lójú títì, wọ́n sì pa á lórí ìrìn. Chrysler pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.4 padà nítorí rẹ̀. Àwọn tó mọ ọkọ̀ tí wọ́n tún mọ kọ̀ǹpútà ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń kọ́ coding láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Èkó kò ṣọ̀wọ́n rárá, ìwọ yóò sì lọ bá wọn tò sẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí ọwọ́ rẹ bá ti tẹ ẹ̀rọ tó lè kọ nǹkan sínú brain box, àwọn oníṣòwò ọkọ̀ yóò wá bá ọ pé kí o bá àwọn dín mileage kù, tàbí kí o pa iná airbag ọkọ̀ tí airbag rẹ̀ ti bẹ́. Má gbà. Ẹlòmíì ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Ní ti oníbátìrì, ọkàn rẹ balẹ̀. CAN wà nínú wọn, bátìrì 12 fóòtì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, earth tó dípẹtà náà kò sì ní tán láyé. Hybrid, ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù àti bátìrì pọ̀, ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ, bóyá Prius tàbí Camry. Bátìrì ńlá inú Prius tí à ń rí lójú títì lé ní 200 fóòtì, ó lè pa èèyàn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ti iná ńlá yẹn. Má fọwọ́ kàn án títí wàá fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò kọ́ ọ lójúkojú. Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe fún 1,000 fóòtì, yóò yọ service plug, èyí tó ń gé iná bátìrì ńlá, yóò fi sí àpò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a padà, yóò dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 kí iná tó kù nínú kàpásítọ̀ lọ tán, lẹ́yìn náà ni yóò tún fi mítà wọ̀n ọ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹni tí o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wá ẹlòmíì.