ETA Ìlú Ọba: ẹ má gba ọ̀nà tí mo gbà

Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, arábìnrin mi. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí. Ẹ ní àbúrò yín ń ṣègbéyàwó ní London lóṣù méjì sí i. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ń lo páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ń lò ó, àmọ́ London lẹ bí àkọ́bí sí kẹ́ ẹ tó kó wá sí Amẹ́ríkà níbí. Ìyá yín ní tiwọn, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà àti green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ni wọ́n ní. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo yín lẹ máa gba ETA («Electronic Travel Authorisation», àṣẹ ìrìn àjò tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni), ẹ sì ní ẹ ti rí ìkànnì kan tó fẹ́ gba $95 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣé kẹ́ ẹ san án kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń kọ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀ pàápàá, ẹ pa á tì. Irú owó yẹn gan-an ni mo san lọ́dún 2025, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ETA ní físà. Kì í ṣe físà. Àwọn tí kò nílò físà tẹ́lẹ̀ láti fi ṣèbẹ̀wò sí Ìlú Ọba ni ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n máa gbàṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí kí wọ́n tó wọkọ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kínní 2025 ló bẹ̀rẹ̀ sí kan àwa tá à ń lo páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, ó sì kan àwọn ará Yúróòpù lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún náà. £10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin 2025 ó di £16, ìjọba sì kéde lẹ́yìn náà pé àwọn máa gbé e dé £20, nítorí náà iye tẹ́ ẹ bá bá lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni sọ fún yín, títí kan èmi. Ọdún méjì ló ń lò, ẹ lè lọ kẹ́ ẹ bọ̀ níye ìgbà tó bá wù yín láàárín rẹ̀, àmọ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Kò gbani láyè láti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣe ọgọ́rin ọdún ní Peckham ní London, oṣù Keje 2025. Àwa mẹ́rin là ń lọ: èmi, ọkọ mi, ọmọbìnrin mi àti ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo tibi iṣẹ́ dé, tí oorun ti ń kun ojú mi, ni mo ṣí Google, mo tẹ «UK ETA», mo sì wọ èyí tó kọ́kọ́ yọ. Àwọ̀ àsíá Ìlú Ọba wà lókè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n tò ó bí ìgbà tí ìjọba bá tò ó. Ọ̀rọ̀ tínńtín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé ìpolówó ni. Mi ò rí i. Mo kọ orúkọ wa, mo kọ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù wa, mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì san $380. Ká ní ọ̀dọ̀ ìjọba ni mo lọ tààrà ni, £64 ni fún àwa mẹ́rin, kò tó $90.

Ọjọ́ kẹta, kò sí ímeèlì. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ímeèlì tiwọn ni wọ́n kọ sínú ìwé wa, kì í ṣe tèmi, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni èsì ń lọ, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi. Mo pè wọ́n títí, ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká lọ, ímeèlì kan wọlé pé àṣẹ wa ti jáde. Mo dúpẹ́, mo lọ di ẹrù.

A dé pápákọ̀ òfurufú Dulles ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin tó wà ní káńtà gba páásípọ́ọ̀tù wa, ó fi wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi kọjá. Ti ọkọ mi kọjá. Ti ọmọbìnrin kọjá. Ó fi ti ọmọkùnrin mi síbẹ̀, ó dúró, ó tún fi síbẹ̀, ó wá yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi díẹ̀. «Mà, ọmọ yìí ò ní àṣẹ.» Orí mi fò lọ. Mo yọ ímeèlì náà, mo fi hàn án. Òun ló fi ìka tọ́ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù fún mi: 5 àti 6 ti ṣípò padà láàárín. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú gbogbo $95 tí mo san lórí ọmọ náà. Ẹlòmíràn tí kò sí láyé ló gba ETA ọmọ mi.

Obìnrin náà ṣàánú wa. Ó ní ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká gba áàpù UK ETA sórí fóònù, pé òun ò ní tíì pa orúkọ wa rẹ́. Mo jókòó sórí àpótí tí mo kó aṣọ ẹbí àti gèlè sí, mo ń gbọ̀n. Áàpù náà ní kí n ya ojú ewé páásípọ́ọ̀tù, mo yà á. Ó ní kí n gbé fóònù lé páásípọ́ọ̀tù kó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ó kọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ pé, «Mummy, ẹ yọ ìbòrí fóònù yẹn.» Mo yọ ọ́, ó sì kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbi ògiri funfun tó wà lẹ́yìn wa, mo dáhùn ìbéèrè wọn, mo san £16. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí èsì fi dé. Àwa la wọlé kẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà. Àmọ́ ẹ má gbójú lé ogún ìṣẹ́jú o, oríire tiwa ni. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni ìjọba ní kéèyàn fi sílẹ̀ fún un, àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò dáadáa.

Ẹ rí i, áàpù yẹn ló fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà náà látinú páásípọ́ọ̀tù. Ká ní mo ti lò ó látìbẹ̀rẹ̀, 5 àti 6 ò ní ṣípò padà. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó nìyẹn. Bí fóònù yín bá ti gbó jù, ẹ ṣe é lórí GOV.UK, àmọ́ kẹ́ ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì yẹn, kẹ́ ẹ má wá a lórí Google.

Mo pe báǹkì mi nígbà tá a dé. Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ sí i, iṣẹ́ tí mo bẹ àwọn èèyàn náà ni wọ́n sì ṣe. Ó parí síbẹ̀. Owó ọ̀hún ti lọ, àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù owó lọ ni pé àwòrán páásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ mi, ọjọ́ ìbí wọn, ojú wọn, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò lè gbà á padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tiyín gan-an, torí pé ti ilé yín le ju tiwa lọ.

Àkọ́bí yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ rántí dáadáa: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bí i, irú ìwé wo ni ẹ̀yin tàbí ọkọ yín ní? Bí ọ̀kan nínú yín bá jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba nígbà náà, tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé, ìyẹn èyí tí gbogbo wa ń pè ní «indefinite», ọmọ Ìlú Ọba ni ọmọ náà láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bí i, ì báà má ní páásípọ́ọ̀tù wọn rí. Bó bá sì jẹ́ físà iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé lẹ̀yin méjèèjì wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn, bíbí tẹ́ ẹ bí i sí London nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní 1983 ni òfin ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí mo ti rí tí wọ́n rò pé ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ti tó, wọn ò lóǹkà.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ETA, kódà bó ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ló yẹ kó fi wọlé, tàbí ìwé ẹ̀rí pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀ («certificate of entitlement») tí wọ́n ń so mọ́ páásípọ́ọ̀tù kejì, èyí tó jẹ́ £589 lọ́dún 2025. Tẹ́lẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń gbójú fò ó. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2026, wọn ò gbójú fò ó mọ́: ẹni tí kò bá ní ETA, tí kò ní físà, tí kò sì ní páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tàbí ìwé ẹ̀rí yẹn, wọn ò ní gbé e. Nítorí náà bó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ti ẹni tí kò gbà á rí máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì béèrè ìwé ìbí rẹ̀ àti ìwé tiyín. Oṣù méjì kò pọ̀. Ká ní èmi ni, mi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà fún ọmọ yẹn títí ìwé náà á fi dé ọwọ́ mi.

Ìyá yín, físà ni. Green card ń fi hàn pé Amẹ́ríkà ni ilé wọn, ó sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wọn wò, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n fi ń rìn, èyí tó sì wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni Ìlú Ọba ń wò. Mo ṣe irú rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi lọ́dún 2025 kan náà. £127 ni ti oṣù mẹ́fà nígbà yẹn. Mo bá wọn kọ ọ́ lórí GOV.UK, wọ́n sì lọ tẹ ìka àti ya fọ́tò níbi tí wọ́n yàn fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń dá fún èsì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti tẹ ìka, àmọ́ kéèyàn tó rí ọjọ́ gbà láti lọ tẹ ìka náà lè gba ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ mú wọn dání lọ síbẹ̀ o, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ, ìdúró níbẹ̀ máa ń gùn fún àgbàlagbà.

Ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ méjì tó kù, ETA ni, àti àkọ́bí náà bí kò bá jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni o, bó ṣe ìkókó tí wọ́n gbé mọ́yàn, tirẹ̀ dá wà. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan máa tán, pàápàá ti àwọn ọmọ, torí ọdún márùn-ún péré ni tiwọn ń lò. Ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù bá kú ni ETA inú rẹ̀ ń kú. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìjọsìn wa gba ETA, ó sọ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ di ọ̀tun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó rò pé ọdún méjì òun ṣì ń lọ. Ó ní láti gba òmíràn, ó sì tún owó san.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gba pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London kọjá lọ sí Èkó, tẹ́ ẹ ò ní kọjá lọ́dọ̀ àwọn imigiréṣọ̀n, ẹ ò nílò ETA. Àmọ́ bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, tẹ́ ẹ ní láti jáde lọ gba ẹrù kẹ́ ẹ tó tún un fi sílẹ̀, ẹ ti wọ ìlú nìyẹn, ẹ gbà á.

Arábìnrin mi, bẹ́ ẹ bá ti rántí irú ìwé tẹ́ ẹ ní lọ́dún tẹ́ ẹ bí àkọ́bí, ẹ kọ ọ́ síbí. Àsìkò tí mo bá tibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ni mo máa ń wo ibí, màá dá yín lóhùn.