Ìwé mélòó gan-an ni ẹgbẹ́ àdúgbò nílò?

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin mẹ́rìndínlógún ni wá nínú ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀fà. Owó tí à ń dá lóṣooṣù la fi ń tún ẹ̀rọ omi àdúgbò ṣe, la sì fi ń ra ìwé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Báńkì ní àfi ká mú ìwé CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) àti ti SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ fífi owó àìmọ́ pa mọ́) wá kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún wa. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló pọn dandan? Akọ̀wé ẹgbẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, màmá. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, kò fi dandan lé e pé kí gbogbo ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Èyí tó bá wù ló ń ṣe é.

Àkáǹtì ló mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹgbẹ́ kan lápá Ìgbómìnà ń fi owó wọn pa mọ́ sínú àkáǹtì akápò. Ìyá akápò náà ṣaláìsí, báńkì ti àkáǹtì pa. Àwọn ọmọ olóògbé fúnra wọn gbà pé owó ẹgbẹ́ ni, síbẹ̀ àfi kí wọ́n lọ gba ìwé kóòtù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Nítorí èyí nìkan, mo ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Bí owó yín ò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tó ti ní àkáǹtì kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n ya ìwé owó tiyín sọ́tọ̀.

Ní CAC, orúkọ yín yóò jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, wọn á sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó. SCUML wà lábẹ́ EFCC, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń gba ìwé wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó ìwé náà, ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìnira tí ẹgbẹ́ ń fọwọ́ ara wọn fà. Mo ti rí ìwé òfin ẹgbẹ́ tí wọ́n dà kọ lára ti ẹgbẹ́ ńlá: ènìyàn márùn-ún ní láti fọwọ́ sí i kí ₦10,000 tó jáde, méjì nínú wọn sì ń gbé Èkó. Ọwọ́ ẹ̀rọ omi kán, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn ọmọdé fi ń pọnmi lódò. Òfin ò béèrè ìyẹn. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tó ń gbé nítòsí, kí ìbuwọ́lù méjì tó.

Lẹ́yìn ọdún tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, àbọ̀ ọdọọdún ń lọ sí CAC láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti yan ẹni tí yóò máa bá yín fi ránṣẹ́.