Oníbàárà Tó Ní 100% Àmọ́ Tí Kò Sanwó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó n'Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni mò ń tà, jùjú, àpàlà, sákárà, mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó jogún ilé bàbá wọn tí wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹrù dànù. Àbúrò mi tó wà ní London ló máa ń bá mi lù wọ́n ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Oṣù tó kọjá a gbé àwo kan síta, wọ́n ń fi owó lé owó títí ó fi dé £85, inú wa ń dùn. A wo ẹni tó borí, 100% ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀, kò sí àlébù kankan. Ẹ̀gbọ́n, ó sá lọ. Kò sanwó, kò fèsì. Àbúrò mi wá ní òun máa kọ ọ́ síbẹ̀ kí àwọn ọlọ́jà yòókù lè mọ irú ẹni tó jẹ́, ni kò bá rí ibi tó máa kọ búburú sí, dáadáa nìkan ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀. Kí wá ni ìwúlò gbogbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń fún oníbàárà? – Ọlọ́jà Rẹ́kọ́ọ̀dù, Ìgbógbó.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò dárúkọ ọjà tí ẹ lò, àmọ́ eBay ni n ó fi dá yín lóhùn torí òun ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn tiẹ̀ ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí nǹkan fi rí báyìí.

100% yẹn kò sọ nǹkankan fún yín. Láti May 2008 ni eBay ti ní ọlọ́jà ò gbọ́dọ̀ kọ búburú nípa oníbàárà mọ́, kódà kò lè kọ pé ó wà láàárín méjì, àfi kó kọ dáadáa tàbí kó dákẹ́. Ẹni tó sanwó kí ẹ tó ṣẹ́jú àti ẹni tó máa ń yọ gbogbo ọlọ́jà lẹ́nu, 100% náà ni àwọn méjèèjì. Tí tíṣà bá fún gbogbo ọmọ kíláàsì ní máàkì kan náà, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó kàwé?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí Pierre Omidyar dá ọjà yẹn sílẹ̀ ní 1995, AuctionWeb ló ń jẹ́, àwọn èèyàn tí kò ríra rí ló ń bára wọn ṣòwò níbẹ̀. Ní 1996 ló gbé fíìdíbaàkì kalẹ̀, ó ní kí oníbàárà máa sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́jà, kí ọlọ́jà náà máa sọ̀rọ̀ nípa oníbàárà, ní gbangba. Ó dáa létí, àmọ́ ẹ mọ ọmọ aráyé. Ọlọ́jà á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní kọ tiẹ̀, ó ń retí kí oníbàárà kọ́kọ́ kọ ná, tẹ́ ẹ bá yìn ín á yìn yín, tẹ́ ẹ bá ní ọjà tó fi ránṣẹ́ ti fọ́, lójú ẹsẹ̀ lòun náà á kọ ọ́ pé oníjìbìtì ni yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ti sanwó tipẹ́. Ẹni tí wọ́n ta gbàrọgùdù fún á wá panu mọ́ kí wọ́n má baà ba orúkọ òun náà jẹ́. Yìn-mí-kí-n-yìn-ẹ́ ló kù síbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gba igi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ní 2008. Wọ́n fárígá o, àwọn kan tiẹ̀ da títà dúró fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún náà, kò yí nǹkankan padà.

Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín, àmọ́ èmi gbà pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn tọ́. Nínú òwò yìí oníbàárà ló kọ́kọ́ ń yọwó, ó ń sanwó fún ẹni tí kò rí sójú, ọjà sì wà nílé ọlọ́jà títí owó fi dé. Ẹ̀yin pàdánù àsìkò lórí àwo £85 yẹn, àmọ́ àwo yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, àbí? Oníbàárà tó bá pàdánù, owó ẹ̀ ló lọ. Ìràwọ̀ ọlọ́jà gan-an ni nǹkan tó ń mówó wọlé. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò, ìwé tí wọ́n gbé jáde lórí ẹ̀ ní 2006 fi hàn pé ọlọ́jà kan tó ti pẹ́ lórí eBay ta káàdì àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi kí ará ilé láti ìrìnàjò, ó tà á ní orúkọ ara ẹ̀, ó tún ta irú ẹ̀ ní orúkọ tuntun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, ọjà kan náà, èèyàn kan náà, àmọ́ àwọn oníbàárà fi bíi 8% lé e fún orúkọ tó ti pẹ́. Kí àbúrò yín máa tọ́jú ìràwọ̀ ti ara ẹ̀ dáadáa.

Ká wá padà sórí oníbàárà. Nǹkan méjì péré ló wúlò lára ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀. Ìkínní ni iye ìyìn tó ti gbà, òun ni wọ́n kọ sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Ẹni tó ní 300 ti ṣòwò tó parí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kì í sanwó rárá ò lè kó tó bẹ́ẹ̀ jọ. Àmọ́ ẹ má gbára lé e jù torí àwọn ọlọ́jà ńlá ti fi í sí ẹ̀rọ, owó bá ti wọlé báyìí ni ìyìn ti jáde, ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì lé ẹni tó ní òdo dànù. Irú ọjà tiyín yìí, ó lè jẹ́ bàbá kan ní Manchester tó gbọ́ pé orin ìgbà èwe òun wà níbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì. Ẹni òdo tó bá ní kẹ́ ẹ bọ́ sórí WhatsApp, tó fẹ́ san ju iye tí ẹ pè lọ kẹ́ ẹ wá fún un ní ṣéńjì, ẹ sá fún un.

Ìkejì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í wò rárá, òun lèmi sì fẹ́ràn jù. Lórí pròfáìlì ẹ̀ ẹ lè rí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ti kọ nípa àwọn ọlọ́jà tó ti rajà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà! Ẹni tó jẹ́ pé ó fẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá ṣòwò, èyí ò tètè dé, tọ̀hún ti há, ìyẹn kò rí bí wọ́n ṣe yà á, kò sí bí àwo yín ṣe máa mọ́ tó tí kò ní rí nǹkan sọ. Gbàǹjo tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ lè yọ bíìdì irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyẹn owó tó dá lé ọjà, kúrò, kẹ́ ẹ sì bùlọ́ọ̀kù ẹ̀.

Fún ẹni tó sá lọ yìí, tó bá jẹ́ eBay ni, tí ọjọ́ 4 bá ti kọjá láìsanwó, kí àbúrò yín fagi lé ọjà náà kó sì mú un pé torí àìsanwó ni, kó má kàn ní òun ò tà mọ́. Ó ṣe pàtàkì gan-an, torí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lábẹ́lẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọlọ́jà yòókù sì lè lọ sínú sẹ́tíǹgì kẹ́ ẹ ní ẹni tó bá ti ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá yín ná ọjà. Ohun tí àbúrò yín fẹ́ fi ìràwọ̀ ṣe náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà kó fi àwo yẹn lọ ẹni kejì tó dá owó lé e, àyè wà fún un níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwa obìnrin kan ní Àgíríìkì, Ìkòròdú, a ní gúrúùpù WhatsApp tá a ti ń lu báàgì òkìríkà ní gbàǹjo lálẹ́ Sátidé. Àwọn kan á ná an títí, tó bá di àárọ̀ wọ́n á paná fóònù. A fẹ́ máa fún oníbàárà ní ìràwọ̀, ká máa lẹ fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn tó bá sá síta. Ṣé ó dáa? – Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má lẹ fọ́tò ẹnikẹ́ni o, Màmá Ìbejì. Láti 2023 ni òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, ti wà nílẹ̀ yìí, nọ́ńbà èèyàn tí ẹ lẹ̀ síta lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn. Ìràwọ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀, ládùúgbò tẹ́ ẹ ti mọra yín yẹn ìjà ló máa dá sílẹ̀, ẹni tí ẹ fún ní ìràwọ̀ kan lónìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á fún yín ní kan lọ́la. Kí ádímíìnì ní ìwé kékeré tiẹ̀ lọ́wọ́, tí kò ní fi han ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ná san ₦1,000 sílẹ̀ ṣáájú Sátidé, tó bá borí wọ́n á yọ ọ́ nínú owó báàgì, tí kò bá borí wọ́n á dá a padà fún un, tó bá borí tó sá, ó ti jóná. Aago 10 àárọ̀ Sọ́ńdè ni kó jẹ́ òpin ìsanwó, kí báàgì bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì.