A ò fẹ́ ṣe Kérésì lọ́dún yìí: ta ni yóò sọ fún Màmá?

Lẹ́tà yìí wá láti Akóbọ̀, ní Ìbàdàn. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí n má dárúkọ òun. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún keje rèé tí mo ti wà nílé ọkọ, ọmọ méjì ló sì wà láàárín wa, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni ọkọ mi, òun sì ni àkọ́bí Màmá wọn. Ọdọọdún la máa ń lọ sílé fún Kérésì. Àwa la ń ra àpò ìrẹsì, àwa la ń ra ewúrẹ́, àwa la ń rán aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ ilé. Láti ìdájí ọjọ́ kẹrìnlélógún ni mo ti ń wà nídìí iná, torí àlejò tó bá jẹ ìrẹsì tán ṣì máa ń retí iyán. Lọ́dún tó kọjá, a yá ₦400,000 nínú àjẹsẹ́kù ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Oṣù Kẹsàn-án la tó san án tán. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù Kìíní, wọ́n dá ọmọ mi àgbà padà lẹ́nu géètì nítorí owó ilé-ìwé. Èmi àti ọkọ mi ti wá fẹnu kò: lọ́dún yìí, a ò lọ síbì kankan, a ò se oúnjẹ àlejò, a ò rán aṣọ. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó sùn. Kódà Alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa, a ò ní gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ọkọ mi ní ká sọ fún Màmá pé wọn ò fún òun láàyè níbi iṣẹ́. Ìyá tèmi ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní mo gba ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni má ṣe ọjọ́ ìbí Olúwa. Àǹtí, ṣé a ṣẹ̀ ni? Báwo ni ká ṣe é?"

Ọmọ mi, o kú àfaradà. Mo ka lẹ́tà rẹ títí, ibi tí wọ́n ti dá ọmọ ọdún mẹ́fà padà lẹ́nu géètì kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó jẹ ewúrẹ́ yẹn ní Ìjerò kò mọ̀ pé owó ìwé ọmọ ni wọ́n jẹ. Ẹ̀yin náà kò sì sọ fún wọn. A óò dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ẹ̀ṣẹ̀, torí ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí ibi tí Bíbélì ti dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n kọ ní Róòmù lọ́dún 354 wà lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tó tọ́ka sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Láti ìgbà náà, àwọn Kristẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run gidigidi ti wà tí wọn kò ṣe Kérésì. Ní 1659, àwọn Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Puritan, tó ń ṣàkóso Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ṣe òfin pé ẹni tó bá pa iṣẹ́ tì tàbí tó se àsè nítorí Kérésì yóò san ìtanràn ṣílè márùn-ún, àfi ìgbà tó di 1681 kí wọ́n tó fagi lé òfin náà. Ní Scotland, 1958 ni Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Kí la tilẹ̀ ń lọ síbẹ̀ fún? Àwọn ọmọ ìjọ Deeper Life wà ní àdúgbò yín. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń din ẹran, wọ́n ti wà ní ibùdó àpéjọ wọn, wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe é rárá. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá tún dé, fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé ìwọ kò kọ Olúwa sílẹ̀, gbèsè lo kọ̀. Ìsìn tí Freeman àti Townsend, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, jọ ṣe ní Àgbádárìgì lọ́dún 1842 ni àwọn ìwé ìtàn ń pè ní Kérésì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Àpò ìrẹsì, aṣọ ọdún àti ewúrẹ́, àwa la fi kún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a fi kún nǹkan, a lè yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn rò pé ohun kékeré lẹ fẹ́ yọ. Kérésì ní Èkìtì kọjá ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ìgbà náà ni ọmọ tó wà ní Èkó, ọmọ tó wà ní Àbújá àti èyí tó wà ní Ìbàdàn máa ń jókòó sójú kan náà. Ìgbà náà ni wọ́n ń dá ọjọ́ ìsìnkú, tí wọ́n ń parí ìjà ilẹ̀, tí ọmọkùnrin ń mú àfẹ́sọ́nà wá fi han ẹbí, tí ẹgbẹ́ ìlú ń ṣe ìpàdé wọn. Màmá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tàbí tó ń dá gbé, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló fi ń rí gbogbo ọmọ rẹ̀ lójú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì á rí mọ́tò àkọ́bí rẹ̀ níwájú ilé. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ló dùn mọ́ ọn jù, ju gbogbo ohun tí ẹ ń gbé wá nínú búùtù lọ. Bí ẹ kò bá lọ, nǹkan yóò dín kù fún un lóòótọ́, kò sì sí owó tí ẹ lè fi ránṣẹ́ tí yóò dí ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ṣe é. N kò sọ ọ́ láti dá yín dúró.

Ohun tó kan mí lóminú gan-an nínú lẹ́tà rẹ ni irọ́ tí ọkọ rẹ fẹ́ pa. O ní ẹ ti fẹnu kò. Ẹnu rẹ ti kò, ti ọkọ rẹ ò tíì dá mi lójú. Ọkùnrin tó ti pinnu nǹkan kì í wá ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí yóò fi ṣe àwáwí. Bí ó bá sọ pé ibi iṣẹ́ ni, ohun tí Màmá yóò gbọ́ ni pé ọmọ òun fẹ́ wá, wọn kò jẹ́ kó wá, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò wá. Nígbà náà ẹ ó tún wá irọ́ mìíràn. Kò sì ní pẹ́ tú. Ní àárọ̀ Kérésì, Màmá yóò pe fóònù, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò gbé e, yóò sì sọ fún ìyá àgbà pé Dádì ń sùn nínú yàrá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiyín yìí kò ní pé wákàtí méjì. Ọjọ́ tó bá tú, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi? Ìwọ ni. Wọn yóò ní ọmọ àwọn kì í parọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ ló kọ́ ọ. Ohun tí ìyá rẹ ń bẹ̀rù gan-an ni irọ́ náà yóò mú wá sílé.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, jókòó ti ọkọ rẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn. Bi í pé, "Bí o kò bá lọ, kí ni yóò dùn ọ́ jù?" Kí o sì dákẹ́ kó ronú. Bóyá yóò ní kò sí, pé ó ti rẹ òun tipẹ́tipẹ́. Bóyá yóò sì sọ pé òun fẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn àbúrò òun níwájú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré. Bí ó bá jẹ́ èyí kejì, ẹ má tan ara yín. Ẹ jẹ́ kí òun nìkan wọ mọ́tò lọ, kó gbé báàgì kan dání, kó sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì, kó padà. Ìwọ àti àwọn ọmọ, ẹ jókòó sílé. Ìyẹn náà ti yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹ ń ṣe bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò yá kọ́bọ̀ nítorí rẹ̀.

Bí ó bá ní òun kò lọ rárá, òun ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ ìwọ, kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ orí WhatsApp, kò sì gbọ̀dọ̀ pẹ́ di oṣù Kejìlá. Ẹ lọ ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, kí owó ọkọ̀ tó gbówó lórí. Ẹ gba Ifẹ̀, ẹ gba Iléṣà, ẹ gba Ẹfọ̀n àti Arámọkọ, kí ẹ tètè gúnlẹ̀. Ìwọ náà bá a lọ. Kúnlẹ̀ kí Màmá, wọ ilé ìdáná, se oúnjẹ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú wọn, kí wọ́n rí i pé inú rẹ yọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dé, má dá sí i. Kí ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀, kó sọ̀rọ̀ bí èyí:

"Màmá, owó tí a fi ṣe Kérésì tó kọjá, a yá a ni. Oṣù Kẹsàn-án la tó san án tán. Wọ́n dá ọmọ yín padà nílé-ìwé nítorí rẹ̀. N kò ní wá lọ́dún yìí. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wá rí yín báyìí, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Kó má fi kún un, kó má fi àdúrà àti ẹ̀bẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí a yá ni kó sọ jáde kedere. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ọmọ àwọn tó wà ní ìgboro ní owó lọ́wọ́, torí ọmọ kò jẹ́ sọ fún wọn pé òun jẹ gbèsè. Mo gbà pé Màmá tó bá gbọ́ pé wọ́n dá ọmọ-ọmọ òun padà lẹ́nu géètì yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ó lè bínú ṣá. Ó lè wo ọkọ rẹ lójú, kó ní, "Ìyàwó rẹ ló kọ́ ọ." Ọkọ rẹ ni kó fèsì ìyẹn, lójú ẹsẹ̀, kó tó dé etí kejì. Bí ó bá dákẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìrìn yẹn ti di asán.

Kí ẹ tó lọ, kó ti pe àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́bí ló ń ra àpò ìrẹsì láti ọdún wọ̀nyí, àwọn yòókù ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wọn. Kó sọ fún wọn pé òun kò rà á lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ dá owó jọ, kí wọ́n dá a. Bí wọn kò bá fẹ́, kí ọdún náà mọ níwọ̀n. Ṣe bí o ti mọ kì í tẹ́. Fún Màmá fúnra rẹ̀, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́, adìyẹ kan àti owó ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, láti inú owó tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi iye tí ẹ̀ bá ná tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ lè fi tu ara yín nínú. Àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á pàdánù owó, wọ́n á tún pàdánù ìbẹ̀wò. Owó tó bá sì ṣẹ́ kù, kí ẹ fi san owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ kí ọdún tó parí.

Ibi tí n kò ti bá ọ gbà ni ti Alájà. Ìyẹn kò sí lára ohun tó kó yín sí gbèsè. Obìnrin yẹn ń gbé ẹran Iléyá kọjá fẹ́ǹsì wá fún yín, bí a ti máa ń ṣe fún ara wa nílẹ̀ Yorùbá láìbéèrè ẹ̀sìn. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìsọ nǹkan, yóò rò pé òun ṣẹ̀ ọ́. Se ìkòkò ìrẹsì kan, ìwọ̀nba tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ jẹ, kí o bù ú sínú kúlà, kí ọmọ rẹ àgbà gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, ti ilẹ̀kùn rẹ kí o sùn. Àwọn ọmọ náà yóò rí aṣọ tuntun lára àwọn ọ̀rẹ́ wọn, kí o ti sọ fún wọn ṣáájú. Jẹ́ kí wọ́n mú ohun kan tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ kí gbogbo yín jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí di ọ̀sán.

Ó ku ẹnì kan tí o kò dárúkọ. Bí ìwọ kò bá sí nídìí iná Ìjerò, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ ni yóò bọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yẹn yóò bọ́ sí i lórí lójijì, wọn kò sì ní bi í bóyá ó fẹ́. Pè é lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ fúnra rẹ. Sọ fún un pé o kò wá, kí ó lè bá ọkọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àkókò ṣì wà.