Èsì: Ìdí tí 61 Cygni fi ń funfun lójú yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní 61 Cygni, ìràwọ̀ tí wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, kò jọ àwọ̀ ọsàn lójú yín ní Ilé-Ifẹ̀, pé funfun ni ẹ rí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kéré, ojú lásán kì í dá àwọ̀ mọ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé awò ojú méjì 10x50 (tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50) lé orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín oṣù kọkànlá, ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ yà sí òsì díẹ̀, ẹ wá Deneb, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an. Òkè Deneb gan-an ni ẹ ó ti rí 61 Cygni. Tí ẹ bá na apá, tí ẹ di ìkúùkù, àlàfo àárín wọn kò tó ìbú ìkúùkù yín kan. Ìràwọ̀ méjì tó fara tira ni o, àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ nìyẹn. Ẹ wá yí òrùka tí ẹ fi ń tún ìríran awò náà ṣe, kí ìràwọ̀ náà ṣe bàìbàì díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀, àwọ̀ á yọ. Tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ẹ fi sílẹ̀. Eruku a máa mú kí ìràwọ̀ funfun pàápàá pọ́n lójú.